Ẹ̀kọ́ Kẹrìnlá: Bí Púrótéènì Ṣe Ń Ba Ara Wọn Jẹ́ Nínú Àrùn Parkinson

OHUN TÍ A FẸ́ KỌ́

Nínú ẹ̀kọ́ kẹtàlá, a kọ́ orúkọ ẹ̀yà ara àti bí a ṣe ń sọ ibi tó ń dùn wá fún dókítà. Lónìí, a ó kọ́ bí a ṣe ń ṣàlàyé ohun tó fa àìsàn. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní òbí tàbí òbí àgbà tó máa ń béèrè ọ̀rọ̀ ìlera lọ́wọ́ yín lórí fóònù, nítorí pé ẹ wà ní yunifásítì. Tí ẹ bá parí ẹ̀kọ́ yìí, ẹ ó lè:

1. ṣàlàyé bí púrótéènì inú ọpọlọ ṣe ń bàjẹ́, àti bí ọ̀kan ṣe ń ba òmíràn jẹ́;
2. lo «ara wọn» àti «ara rẹ̀» bó ṣe yẹ;
3. fi ìyàtọ̀ sáàrin oorun, òórùn àti oòrùn;
4. dá àgbàlagbà tí ẹ̀rù ń bà lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti òtítọ́.

KÍ Ẹ TÓ KÀ Á

Ẹ bá ẹni tó jókòó tì yín sọ̀rọ̀. Ǹjẹ́ ẹ mọ ẹnikẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n? Kí ni àwọn ará ilé rẹ̀ sọ pé ó fà á? Báwo ni ẹ ṣe máa sọ fún ìyá àgbà yín pé àìsàn kan kì í ràn?

ỌRỌ̀ TUNTUN

púrótéènì: Ẹ ti mọ «èròjà amúaradàgbà» láti inú ẹ̀kọ́ oúnjẹ: ẹ̀wà, ẹja, ẹyin. Ṣùgbọ́n inú oúnjẹ nìkan kọ́ ni púrótéènì wà. Ara fúnra rẹ̀ ń ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún oríṣi, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní iṣẹ́ tirẹ̀.
sẹ́ẹ̀lì: ẹyọ kékeré tí a fi kọ́ ara, bí búlọ́ọ̀kù ṣe jẹ́ fún ilé.
ká: a máa ń ká ẹní lẹ́yìn tí a bá jí. Púrótéènì náà máa ń ká.
sódì: ẹni tó wọ ẹ̀wù sódì fi inú rẹ̀ síta. Ohun tó ká sódì kò ká bó ṣe yẹ.
lẹ̀ mọ́: ohun tí gọ́ọ̀mù máa ń ṣe sára bébà.
kókó: ohun tó ṣù pọ̀ tó sì le, bí èyí tó máa ń wà nínú àmàlà tí a kò rò dáadáa. (Ẹ ṣọ́ra: kòkó ni èyí tí a fi ń ṣe ṣokoléètì.)
ràn: àrùn tó ń ràn máa ń lọ láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn. Àrùn àkóràn ni a ń pè é.
ẹ̀gbà: àìsàn tí apá kan ara fi máa ń rọ.
ọwọ́ ọmọ aráyé: ohun tí àwọn ènìyàn máa ń sọ tí wọ́n bá rò pé ọ̀tá ló fi àìsàn ṣe ẹnì kan.

ÌSỌ̀RỌ̀ǸGBÈSÌ KÌÍNÍ

(Táyọ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó pe ìyá àgbà rẹ̀ ní Ìbàdàn.)

Táyọ̀: Ẹ káalẹ́ mà, Màmá Àgbà. Ṣé dáadáa ni ẹ wà?
Màmá Àgbà: Káalẹ́, Àdùkẹ́ mi. A dúpẹ́. Ṣé o ti jẹun?
Táyọ̀: Mo ti jẹun mà. Bàbá Àgbà ńkọ́?
Màmá Àgbà: Hùn. Ọwọ́ ọ̀tún wọn tó ń gbọ̀n yẹn kò tíì dúró o. Dókítà pè é ní Parkinson. Àwọn ará ilé ní ẹ̀gbà ni. Àǹtí rẹ ní ọwọ́ ọmọ aráyé ni. Ìwọ tó wà ní yunifásítì, kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?
Táyọ̀: Inú ọpọlọ ló wà, Màmá. Púrótéènì kan ló... Ẹ má bínú mà. Mo mọ̀ ọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ ní Yorùbá.
Màmá Àgbà: Sọ ọ́ bó o ṣe lè sọ ọ́. Ṣé ó ń ràn ni? Ṣé kí n yọ abọ́ wọn sọ́tọ̀ ni?

Àádọ́ta ọdún ni Màmá Àgbà ti ń bá ọkọ rẹ̀ jẹun nínú abọ́ kan náà. Ẹ jẹ́ ká ka àyọkà yìí kí Táyọ̀ lè rí ohun tó máa sọ.

ÀYỌKÀ

Apá kìíní: Kókó inú ọpọlọ

Ní ọdún 1817, dókítà kan tó ń jẹ́ James Parkinson, tó ń gbé ní Hoxton ní Lọ́ńdọ̀nù, tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí àìsàn tó ń mú kí ara gbọ̀n. Ènìyàn mẹ́fà péré ló kọ nípa wọn, ojú pópó ló sì ti rí àwọn kan nínú wọn. Ó ṣàkíyèsí pé ọwọ́ wọn ń gbọ̀n nígbà tó yẹ kó sinmi, pé ẹ̀yìn wọn ń tẹ̀, àti pé ìṣísẹ̀ wọn kéré, ó sì ń yára. Kò mọ ohun tó fà á. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Jean-Martin Charcot, dókítà ará Faransé, fi orúkọ rẹ̀ pe àrùn náà.

Ní 1912, Fritz Lewy, dókítà ará Jámánì, fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ọpọlọ àwọn tí àrùn yìí ti ṣe kí wọ́n tó kú. Ó rí kókó róbótó nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì. Títí di òní, kókó Lewy ni à ń pè é. Ṣùgbọ́n kí ló wà nínú kókó náà? Ó tó ọdún 85 kí a tó mọ̀. Ní 1997, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà yẹ ẹbí kan tó ṣẹ̀ wá láti Ítálì wò, ẹbí tí àrùn Parkinson pọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n rí àṣìṣe kékeré kan nínú jíìnì tó ń sọ fún ara bí yóò ṣe ṣe púrótéènì kan. Alpha-synuclein ni orúkọ púrótéènì náà. Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn onímọ̀ mìíràn ní Cambridge rí i pé alpha-synuclein yìí gan-an ló kún inú kókó Lewy.

Apá kejì: Púrótéènì rere tó ká sódì

Alpha-synuclein kì í ṣe àlejò. Ara wa ló ń ṣe é, ó sì wà nínú ọpọlọ gbogbo ènìyàn, àti aláìsàn àti ẹni tí ara rẹ̀ le. Ègé kéékèèké 140 ni a so pọ̀ láti fi ṣe ẹyọ kan, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí okùn. Ibi tí sẹ́ẹ̀lì kan ti ń bá òmíràn sọ̀rọ̀ ni ó máa ń pọ̀ sí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ máa ń rán ìránṣẹ́ sí ara wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ìránṣẹ́ yìí ni dopamine, tó ń jẹ́ kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lọ bí a ṣe fẹ́ kí wọ́n lọ. Alpha-synuclein wà lára àwọn tó ń bá sẹ́ẹ̀lì tọ́jú àpò kéékèèké tí ó kó àwọn ìránṣẹ́ náà sí.

Okùn ìlẹ̀kẹ̀ yìí kì í ní ìrísí kan ṣoṣo. Ó lè nà, ó lè tẹ̀, ó lè fara ti ògiri àpò. Èyí wúlò fún iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ewu wà níbẹ̀: nígbà mìíràn, ó máa ń ká sódì. Tí ọ̀kan bá ti ká sódì, òmíràn á lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ̀kẹta á lẹ̀ mọ́ èkejì, títí wọn á fi di okùn líle. Àwọn okùn líle yìí á wá ṣù pọ̀ di kókó. Ẹni tó bá ti ro àmàlà rí mọ ohun tí mò ń wí. Èlùbọ́ tó dára ló ń di kókó. Tí kókó kékeré kan bá sì ti wà nínú ìkòkò, èlùbọ́ yòókù á máa lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ rò pé àwọn ìṣùpọ̀ kéékèèké tí kò tíì di kókó ńlá gan-an ló ń ṣe sẹ́ẹ̀lì léṣe jù.

Ibì kan wà ní apá ìsàlẹ̀ ọpọlọ tó dúdú ju àwọn ibi yòókù lọ. Ibẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe dopamine pọ̀ sí, ibẹ̀ náà sì ni sẹ́ẹ̀lì ti máa ń kú jù nínú àrùn Parkinson. Kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, púpọ̀ nínú wọn á ti kú.

Apá kẹta: Àgùntàn tó bá ajá rìn

Àwọn àgbà ní àgùntàn tó bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Bí ọ̀rọ̀ àwọn púrótéènì yìí ṣe rí nìyẹn. Ẹgbẹ́ mẹ́ta ni a ó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Èkíní, alpha-synuclein ń ba alpha-synuclein jẹ́. Èyí tó ti ká sódì máa ń mú kí èyí tó dára ká sódì bíi tirẹ̀. Ó tún lè jáde nínú sẹ́ẹ̀lì kan kó wọ inú èyí tó wà nítòsí. Ní 2008, ẹ̀rí kan ya àwọn dókítà lẹ́nu. Ní ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú ìgbà náà, wọ́n ti gbin sẹ́ẹ̀lì tuntun sínú ọpọlọ àwọn aláìsàn kan kí ó lè máa bá wọn ṣe dopamine. Nígbà tí àwọn aláìsàn náà kú, wọ́n yẹ ọpọlọ wọn wò, wọ́n sì rí kókó Lewy nínú díẹ̀ lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tuntun yẹn. Sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí kò dàgbà, wọn kì í sì í ṣe ti aláìsàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó jọ pé ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò wọn ni wọ́n ti kó o.

Èkejì, alpha-synuclein àti tau ń ba ara wọn jẹ́. Púrótéènì ni tau náà. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ gùn, ọ̀nà tóóró sì wà nínú rẹ̀ tí ó fi ń kó ẹrù láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Iṣẹ́ tau ni láti di ọ̀nà yìí mú kó má wó. Nínú àrùn Alzheimer, tau máa ń fi ọ̀nà sílẹ̀, á sì lọ́ mọ́ ara rẹ̀ bí òwú tó ta kókó. Ní 2003, àwọn onímọ̀ kan fi hàn pé tí a bá fi alpha-synuclein àti tau sínú omi kan náà, ọ̀kan máa ń mú kí èkejì tètè di okùn líle. Lẹ́yìn náà, ìwádìí láàrin àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Yúróòpù fi hàn pé jíìnì tau wà lára àwọn jíìnì tó ń pinnu bí ewu àrùn Parkinson ṣe pọ̀ tó.

Ẹ̀kẹta, amyloid-beta náà máa ń dá sí i. Ìta sẹ́ẹ̀lì ni òun máa ń kó jọ sí, a sì mọ̀ ọ́n mọ àrùn Alzheimer. Nínú ìwádìí kan ní 2001, àwọn eku tí púrótéènì méjèèjì wà lára wọn ní ìṣùpọ̀ alpha-synuclein ju àwọn eku tó ní alpha-synuclein nìkan lọ. Nínú ènìyàn náà, tí iyè ẹni tó ní àrùn Parkinson bá wá ra, ó wọ́pọ̀ kí á bá amyloid-beta àti tau nínú ọpọlọ rẹ̀ pẹ̀lú kókó Lewy. Níbi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti pàdé, iyè máa ń tètè ra. Nítorí náà, orúkọ Parkinson àti Alzheimer yàtọ̀ nínú ìwé, ṣùgbọ́n wọ́n lè dà pọ̀ nínú ọpọlọ ẹnì kan ṣoṣo.

Apá kẹrin: Ta ló ń gbá ilé?

Púrótéènì máa ń ká sódì nínú ara gbogbo wa. Kí ló dé tí kì í di àìsàn fún gbogbo wa? Ìdí kan ni pé sẹ́ẹ̀lì máa ń gbá ilé rẹ̀. Àwọn yàrá kéékèèké wà nínú rẹ̀ tí ó ń kó ìdọ̀tí sí, ibẹ̀ ni ó sì ti ń tú u ká. Ẹ́ńsáìmù kan wà lára àwọn òṣìṣẹ́ yàrá yìí. Jíìnì tó ń sọ bí a ṣe ń ṣe é ni GBA1. (Ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni, ṣùgbọ́n lẹ́tà mẹ́ta yẹn jọ ọ̀rọ̀ ìṣe wa «gbá». Ẹ fi rántí iṣẹ́ rẹ̀.) Tí ẹ́ńsáìmù náà bá dín kù, alpha-synuclein á máa kó jọ. Tí alpha-synuclein bá sì kó jọ, kì í jẹ́ kí ẹ́ńsáìmù tuntun dé inú yàrá náà. Ìdọ̀tí ń lé agbálẹ̀ jáde, àìsí agbálẹ̀ sì ń mú kí ìdọ̀tí pọ̀ sí i.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ kàn wá gan-an. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwádìí lórí jíìnì àrùn Parkinson kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà. Ní 2023, Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo ti Yunifásítì Èkó àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà, Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet Neurology. Àwọn ènìyàn tó kópa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200,000, gbogbo wọn ló sì ṣẹ̀ wá láti Áfíríkà, yálà pátápátá tàbí ní apá kan. Wọ́n rí àyípadà kan nínú GBA1 tó wọ́pọ̀ láàrin wa, tí a kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí lára àwọn ará Yúróòpù. Ẹni tó ní ẹ̀dà kan, ewu tirẹ̀ tó ìlọ́po 1.5 ti ẹni tí kò ní. Ẹni tó ní ẹ̀dà méjì, ó tó ìlọ́po 3.5. Èyí kò sọ pé yóò dandan ṣe é. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ní àyípadà yìí tí wọn kò sì ní àrùn náà títí ayé wọn.

Apá karùn-ún: Ohun tí àrùn yìí kì í ṣe

A ti sọ pé púrótéènì kan ń kó bá èkejì. Ọ̀rọ̀ yìí lè ṣi àgbàlagbà lọ́nà. Láti sẹ́ẹ̀lì dé sẹ́ẹ̀lì nínú ọpọlọ ẹnì kan ni a ń sọ, kì í ṣe láti ara ènìyàn dé ara ènìyàn. A kì í kó àrùn Parkinson nínú abọ́, lórí ibùsùn, tàbí nípa bíbọ ara wa lọ́wọ́.

Kì í ṣe ẹ̀gbà. Ẹ̀gbà máa ń dé lójijì, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé apá kan ọpọlọ tàbí tí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá bẹ́. Àrùn Parkinson máa ń rọra wọlé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà mìíràn, ẹni náà kì í gbọ́ òórùn ọbẹ̀ mọ́, ó máa ń jà nínú oorun, ìgbẹ́ kì í sì í tètè yọ, kí ọwọ́ tó gbọ̀n rárá.

Oògùn tí a mọ̀ jù ni levodopa, tí ọpọlọ ń sọ di dopamine. Levodopa wà nínú èso wèrèpè, ewéko tó ń yún ni lára tí gbogbo ọmọ oko mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wọn ọ́n fúnra rẹ̀ kò lè mọ ìwọ̀n tó ń jẹ, èyí sì léwu. Levodopa máa ń jẹ́ kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sàn. Kì í tú kókó Lewy ká, a kò sì tíì rí oògùn tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún aláìsàn.

ÌSỌ̀RỌ̀ǸGBÈSÌ KEJÌ

Táyọ̀: Màmá Àgbà, mo ti rí bí mo ṣe máa sọ ọ́. Ẹ ò gbọdọ̀ yọ abọ́ wọn sọ́tọ̀ o. Kì í ràn.
Màmá Àgbà: Ọlọ́run ṣeun. Kí ló wá fà á?
Táyọ̀: Ṣé ẹ mọ àmàlà tó bá ní kókó?
Màmá Àgbà: Ta ló ro irú ẹ̀?
Táyọ̀: (Ó rẹ́rìn-ín.) Kì í ṣe ẹ̀yin mà. Ohun kan wà nínú ọpọlọ gbogbo wa tó ń ṣe iṣẹ́ rere. Nínú ọpọlọ Bàbá, ó ti di kókó, ó sì ń ba àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́.
Màmá Àgbà: Ta ló fi kókó síbẹ̀?
Táyọ̀: Kò sẹ́ni tó fi síbẹ̀ mà. Ara fúnra rẹ̀ ni. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ wọn, kì í sì í ṣe ọwọ́ ọmọ aráyé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lo oògùn wọn lásìkò.
Màmá Àgbà: Mo ti gbọ́. Jẹ́ kí n gbé fóònù fún wọn. Sọ ọ́ bó o ṣe sọ ọ́ fún mi.

GÍRÁMÀ

1. Ọ̀rọ̀ ìṣe tó ń là sí méjì. Tí «bàjẹ́» bá gba àbọ̀, ó máa là sí méjì, àbọ̀ á sì wọ àárín:
Púrótéènì náà bàjẹ́.
Alpha-synuclein ba tau jẹ́.
Alpha-synuclein àti tau ba ara wọn jẹ́.
Bẹ́ẹ̀ náà ni «túká»: Kókó náà túká. Oògùn kò tú kókó náà ká.

2. «Ara» mẹ́ta. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tó yí i ká mọ ìtumọ̀ rẹ̀:
Ara wọn le. (Àìsàn kò ṣe wọ́n.)
Sẹ́ẹ̀lì ń rán ìránṣẹ́ sí ara wọn. (Èyí rán sí tọ̀hún, tọ̀hún rán sí èyí.)
Tau lọ́ mọ́ ara rẹ̀. (Òun kan náà ló lọ́, òun ló sì lọ́ mọ́.)

3. «Wọn» ọ̀wọ̀. Màmá Àgbà sọ pé «ọwọ́ ọ̀tún wọn», bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan ni ọkọ rẹ̀. Nínú àyọkà, a sọ pé «ọpọlọ rẹ̀» nítorí pé a kò dárúkọ àgbàlagbà kan pàtó. Tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ nípa bàbá ẹlòmíràn, «wọn» ni kí ẹ lò.

OHÙN

Ẹ ka ìwọ̀nyí sókè ní ẹ̀ẹ̀mẹta:
oorun: ohun tí a ń sùn lóru.
òórùn: ohun tí imú ń gbọ́.
oòrùn: èyí tó ń ràn lójú ọ̀run.
Dókítà lè béèrè nípa oorun àti òórùn Bàbá ní ọjọ́ kan náà. Tí ẹ bá ṣi ohùn lò, ìdáhùn yín á ṣi dókítà lọ́nà.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni Fritz Lewy rí ní 1912? Ìgbà wo ni a tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀?
2. Kí ni iṣẹ́ rere alpha-synuclein? Kí ni iṣẹ́ rere tau?
3. Báwo ni sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gbin ṣe fi hàn pé púrótéènì tó bàjẹ́ lè lọ láti sẹ́ẹ̀lì kan sí òmíràn?
4. Ṣàlàyé bí ẹ́ńsáìmù GBA1 àti alpha-synuclein ṣe ń dí ara wọn lọ́wọ́. Lo «ara wọn» ní ẹ̀ẹ̀mejì.
5. Ọ̀rẹ́ rẹ kan sọ pé: «Mo ní àyípadà GBA1, nítorí náà àrùn Parkinson máa ṣe mí.» Dá a lóhùn.
6. Ǹjẹ́ òwe àgùntàn àti ajá bá ọ̀rọ̀ yìí mu pátápátá? Àgùntàn lè pinnu ẹni tó máa bá rìn. Púrótéènì ńkọ́?

IṢẸ́ ṢÍṢE

Àǹtí Táyọ̀ ṣì ń sọ pé ọwọ́ ọmọ aráyé ni. Kọ ìwé sí i ní ojú ewé kan. Má bú u, má sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rù ló ń bà á. Kí i dáadáa, lo «ẹ» fún un, kí o sì fi nǹkan kan tó mọ̀ dáadáa nínú ilé ìdáná tàbí ọjà ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ Bàbá. Àmàlà ti di ti Táyọ̀. Wá tìrẹ.